Ẹnì Kan, Ìwé Kan: Ìtọ́jú Àgbàlagbà Tó Ní Ju Àìsàn Kan Lọ

Àgbàlagbà tó ń gbé Ayépé, tí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti orúnkún dídùn jọ ń bá fínra, kì í ṣe aláìní olùtọ́jú. Ká sọ òótọ́, àwọn olùtọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀. Nọ́ọ̀sì sẹ́ńtà ìlera inú ìlú ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ló kọ oògùn ṣúgà fún wọn. Bí ojú bá ń ṣe bàìbàì tàbí tí kíndìnrín bá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù ni wọ́n á ní kí wọ́n lọ. Oníkẹ́míìsì ló ń ta oògùn ara ríro fún wọn, ìyá alágbo ń kiri kọjá láràárọ̀, wòlíì sì ti ní kí wọ́n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ti fi oògùn ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká pe àgbàlagbà náà ní Màmá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò fẹ́ kí ara Màmá yá. Ẹni tí a ń wá tì láàárín wọn ni ẹni tó mọ ohun tí gbogbo àwọn yòókù ń ṣe. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ ni pé kí ẹbí tó wá dókítà kún dókítà, kí wọ́n kọ́kọ́ fa ẹnì kan kalẹ̀ tí gbogbo ọ̀rọ̀ ìtọ́jú náà yóò máa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kí wọ́n sì fún un ní ìwé kan tí yóò máa kọ ọ́ sí. Ìmọ̀ràn yìí lè dà bí ohun tó kéré jù, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò bá ti sí.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń pè ní amlodipine wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ kò sì ga púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn mìíràn wú. Bí ẹsẹ̀ Màmá bá wú, tí wọ́n sì lọ bá ẹni tí kò mọ̀ pé amlodipine ni wọ́n ń lò, ẹni yẹn lè rò pé ọkàn tàbí kíndìnrín ló ní wàhálà, kó sì fún wọn ní Lasix, oògùn tí ń fi ìtọ̀ lé omi jáde lára. Lasix kì í sábà wo irú ẹsẹ̀ wíwú bẹ́ẹ̀ sàn. Ohun tó máa ń ṣe ni pé yóò máa jí wọn lóru láti tọ̀, omi ara wọn yóò dín kù, òòyì yóò sì máa kọ́ wọn bí wọ́n bá ti dìde. Àgbàlagbà tí òòyì bá kọ́ lóru lójú ọ̀nà ilé ìtọ̀ lè ṣubú, itan tó bá sì kán lára ẹni ọgọ́rin ọdún, ó lè má jẹ́ kó dá rìn mọ́ láéláé. Ẹni tó bá wá wò wọ́n lẹ́yìn èyí, itan ni yóò tọ́jú. Kò ní mọ̀ pé hóró oògùn kan tí wọ́n fi gbé òmíràn lẹ́sẹ̀ ló fà á. Lisinopril náà ní tirẹ̀: ó ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan, wọn yóò sì máa mu oògùn ikọ́ láti oṣù dé oṣù nígbà tó jẹ́ pé pípààrọ̀ lisinopril ni ìwòsàn ikọ́ ọ̀hún.

Ní tèmi o, oògùn ara ríro ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó kà á sí oògùn gidi. Feldene, diclofenac àti ibuprofen, gbogbo wọn ló ń dá omi àti iyọ̀ dúró sára, wọ́n ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì ń ni kíndìnrín lára. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pàdé lisinopril àti oògùn tí ń lé omi jáde nínú ara àgbàlagbà kan náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pawọ́ pọ̀ ba kíndìnrín jẹ́. Dókítà ní Ìjẹ̀bú-Òde yóò rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò sọ̀ kalẹ̀, yóò fi oògùn kún oògùn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé orúnkún ń dun Màmá, pé wọ́n sì ń ra kápúsù méjì lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ orúkọ méjì tún wà níbẹ̀: orúkọ ńlá tí wọ́n fi ń ta oògùn, àti orúkọ kékeré tó jẹ́ ti oògùn náà gan-an. Norvasc tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, amlodipine náà ni. Bí kò bá sẹ́ni tó ka orúkọ kékeré tó wà lára páálí, Màmá lè máa lo oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí wọ́n rò pé oríṣi méjì ni. Oògùn ṣúgà náà ní tirẹ̀: glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, ń fa ṣúgà wálẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà máa ń gbé jáde, ó wà lára àwọn oògùn tí wọ́n ní kí ẹni tó ti pé ọdún 65 yẹra fún bó bá ṣe é ṣe. Ẹ wá fojú inú wo Daonil pẹ̀lú ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà tó kọ oògùn kò mọ̀ nípa ààwẹ̀, wòlíì tó pàṣẹ ààwẹ̀ kò mọ̀ nípa oògùn, méjèèjì kò sì ṣẹ̀ síra wọn. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ìkìlọ̀ kan: ẹ má ṣe torí ohun tí ẹ kà yìí dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Dókítà tó kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá, kẹ́ ẹ sì bi í.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ilé ìwòsàn nìyí, pé kò yẹ kí wọ́n di ẹrù rẹ̀ lé ẹbí lórí. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn ló forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò kan, ọ̀dọ̀ dókítà yẹn ni lẹ́tà láti ilé ìwòsàn sábà máa ń padà sí. Nílùú Ìbàdàn náà, láti oṣù kọkànlá ọdún 2012 ni ilé ìwòsàn UCH ti ní ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè, níbi tí onírúurú olùtọ́jú ti ń rí arúgbó lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ohun tó dára ni, ó sì yẹ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Ayépé lónìí, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú, kì í ṣe ojoojúmọ́ ni yóò máa lọ Ìbàdàn. Káàdì tó gbà ní Ìjẹ̀bú-Òde kò bá a dé Ṣágámù. Ohun tí nọ́ọ̀sì sẹ́ńtà kọ sínú ìwé tirẹ̀, inú ìwé yẹn ló ń gbé. Ìgbà tí ilé ìwòsàn yóò fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, àtọ̀gbẹ kò ní dúró dè wọ́n. Títí dìgbà náà, ohun kan ṣoṣo tó ń bá aláìsàn lọ sí gbogbo ibi tó ń lọ ni aláìsàn fúnra rẹ̀ àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ gbogbo gbọ́dọ̀ wà.

Pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wúlò, wọ́n ti dán an wò. Lọ́dún 2019, ìwé ìròyìn ìṣègùn tí ń jẹ́ Lancet gbé àbájáde ìwádìí HOPE 4 jáde. Àdúgbò 30 ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà àti Malaysia ni wọ́n ti ṣe é, ènìyàn 1,371 tí apá kò tíì ká ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ló sì wà nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ìdajì àwọn àdúgbò náà, òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ló ń mójú tó àwọn ènìyàn, wọ́n ń fún wọn ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, aláìsàn sì ń fúnra rẹ̀ yan ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí kan tí yóò máa rán an létí, tí yóò sì máa dúró tì í. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹni 69 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀ ni nọ́ńbà òkè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti wà lábẹ́ 140. Níbi tí wọ́n ti jẹ́ kí ìtọ́jú máa lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀, 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn yóò ní oògùn ọ̀fẹ́ ló ṣe iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ẹbí. N kò lè sọ pé irọ́ ni, nítorí àwọn olùwádìí náà kò ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ẹ̀rí tó wà nítòsí wa pàápàá ń gbè é lẹ́yìn pé owó ṣe pàtàkì: ní àwọn ìgbèríko ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí wọ́n ti gbé ètò ìbánigbófò ìlera kalẹ̀ tí wọ́n sì tún ilé ìwòsàn ṣe, àwọn tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ènìyàn ní 2009 tí wọ́n tún padà wọ̀n ọ́n ní 2011 rí i pé ó sọ̀ kalẹ̀ ju ìwọ̀n 10 lọ, nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe sọ̀ ní àdúgbò tí ètò náà kò dé. Nítorí náà, ẹ wá owó, ẹ sì wá ìbánigbófò. Òfin àjọ ìbánigbófò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ní àjọ tirẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ohun méjì ni kẹ́ ẹ bèèrè: ṣé ilé ìwòsàn tí Màmá ń lọ wà lára àwọn tó ń gba káàdì náà, ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ṣúgà tí wọ́n ń lò wà lára èyí tí àjọ náà ń san. Àmọ́ owó kì í ka orúkọ kékeré tó wà lára páálí. Ọmọ tó ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù lè máa ra oògùn méjì tó jẹ́ ọ̀kan náà láìmọ̀, bó bá sì rọ́wọ́ mú sí i, á ra ẹ̀kẹta.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹbí Ìjẹ̀bú ti ń ṣìnà. Ẹni tó bá ń náwó ni wọ́n ń fi àṣẹ lé lọ́wọ́, ìyẹn sì lè wà ní Èkó tàbí ní Houston. Yóò pe dókítà lórí fóònù, yóò yí ilé ìwòsàn padà, ẹni tó ń sun yàrá kejì sí Màmá kò sì ní gbọ́. Ẹni tó yẹ kó di ìwé mú ni ẹni tó ń rí wọn lójoojúmọ́, yálà ìyàwó ilé, ọmọ ọmọ tó ti jáde ilé-ìwé, tàbí aládùúgbò tí wọ́n fọkàn tán. Kò pọn dandan kó jẹ́ àkọ́bí, kò sì pọn dandan kó lówó. Ohun tó pọn dandan ni pé kó lè kà kó sì kọ, kó má bẹ̀rù láti bi dókítà ní ìbéèrè, kí gbogbo ọmọ sì gbà pé kò sẹ́ni tí yóò yí oògùn tàbí ilé ìwòsàn padà lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni kí ilé ìwòsàn ní. Ẹ fún un ní nǹkan lóṣooṣù, kẹ́ ẹ má sì pè é ní ìrànwọ́, nítorí iṣẹ́ ni. Ẹ tún wá igbákejì rẹ̀, torí òun náà á ṣàìsàn, á sì rìnrìn àjò.

Ìwé tí mo ń wí kò ju ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò lọ. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni orúkọ, ọjọ́ orí, àwọn àìsàn tí wọ́n ní, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe rí, oògùn tí ara wọn kò gbà, àti nọ́ńbà àwọn tó yẹ kí wọ́n pè. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti oògùn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀: orúkọ ńlá àti orúkọ kékeré tó wà lára páálí, iye mílígíráàmù, àkókò tí wọ́n ń lò ó, ohun tí wọ́n ń lò ó fún, ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá dá oògùn kan dúró, ẹ fa ìlà lé e lórí, kẹ́ ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe ya á dànù, nítorí dókítà mìíràn lè fẹ́ tún un kọ lọ́la. Ewé tó kù wà fún ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga, kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Èyí tí wọ́n bá wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n ti inú oòrùn dé kò ṣe é gbára lé. Bí ọjọ́ kíríníkì bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ọjọ́ méje tí wọ́n kọ sílẹ̀ ń sọ òdodo fún dókítà ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n wọ̀n níwájú rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ náà, ẹ kó gbogbo oògùn inú ilé sínú ọ̀rá kan, títí kan ti kẹ́míìsì, ti òkè òkun àti ìgò àgbo, kẹ́ ẹ tú u sórí tábìlì, kẹ́ ẹ sì bèèrè èwo ni wọ́n lè yọ kúrò nínú ìwọ̀nyí. Ìbéèrè yẹn ṣọ̀wọ́n ní kíríníkì wa. Tí ẹ bá padà délé, ẹ ya fọ́tò ojú ewé tuntun, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yòókù lórí WhatsApp. Àríyànjiyàn yóò dín kù.

Ohun tí òǹkà inú ìwé náà kò lè fi hàn tún wà. Ní ọdún 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn fọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà 2,152 lẹ́nu wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láàárín ọdún kan ṣáájú ìgbà náà. Màmá tí kò jẹun mọ́, tí kò fẹ́ lọ sí ẹgbẹ́ àdúrà, tí oògùn sì ń ṣẹ́ kù nínú páálí rẹ̀, kì í ṣe alágídí, kì í sì í ṣe pé wọ́n kàn darúgbó. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà.

Àtakò tó wúwo jù lọ́dọ̀ mi ni ti ọ̀wọ̀. Àgbà kì í fẹ́ kí ọmọ àná máa ṣírò ìtọ̀ òun, ó sì tọ̀nà. Nítorí náà, Màmá ló ni ìwé. Àwọn ni kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe nínú ìwádìí HOPE 4, àwọn náà ni kí wọ́n sì sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp. Ẹni ọdún 75 tí ojú àti iyè rẹ̀ ṣì pé lè fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Iṣẹ́ ẹnì kejì kò ju pé kó mọ ibi tí ìwé wà. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá dárúkọ àgbo, dókítà yóò pariwo. Ó lè pariwo lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kó pariwo, kẹ́ ẹ sì tún sọ ọ́, nítorí àwọn ewé kan ń fa ṣúgà wálẹ̀ nítòótọ́, ọtí tí wọ́n fi rẹ àwọn àgbo kan náà ń ṣe tirẹ̀, dókítà tí kò sì mọ̀ yóò ka gbogbo rẹ̀ sí iṣẹ́ oògùn tó kọ. Ní ti ààwẹ̀, ẹ lọ bá àlùfáà tàbí wòlíì náà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Kùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn láti má gba Ramadan, n kò sì tíì rí ìdí tí pásítọ̀ kankan yóò fi le ju ìyẹn lọ.

Ojú ewé tó kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún òru. Bí Màmá bá dédé ń làágùn, tí wọ́n ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ wọn dojú rú, ẹ wọn ṣúgà wọn. Bó bá kéré sí 70, tí wọ́n sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún wọn ní kúùbù ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú omi, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bó bá jẹ́ Daonil ni wọ́n ń lò, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn bí ara wọn tilẹ̀ ti balẹ̀, nítorí ó lè tún padà. Bí ẹnu wọn bá yí, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń wọ́lẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí wọn lẹ́nu. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn lè jẹ́, oògùn tó lè tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ kì í sì í ṣe é lò mọ́ bó bá ti ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà awakọ̀ tó gbà láti gbé yín lóru síbẹ̀, ẹ kọ iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ẹ sì ti pe ilé ìwòsàn ní ọ̀sán láti mọ èyí tí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Àkókò tí gbogbo ọmọ lè fẹnu kò lórí ẹni tí yóò di ìwé náà mú kò ṣòro láti rí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọ̀pọ̀ ló ń wálé fún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn mìíràn ń wálé fún Kérésìmesì. Ẹ yọ wákàtí kan nínú àríyá náà, kí Màmá jókòó sí àárín, kẹ́ ẹ tú ọ̀rá oògùn sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ má dúró dìgbà yẹn. Ẹ pe ilé lónìí, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ka orúkọ gbogbo oògùn tí Màmá lò láàárọ̀ yìí fún yín. Bí kò bá sẹ́ni tó lè kà á, ẹ fi owó ìwé ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó fi ti oògùn ránṣẹ́.